Párì Ọ̀nì Alága Ládòkun

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Òtu, tí ẹ sì la ìlú kékeré kan kọjá láìmọ̀ pé ìlú ni, Ìdí-Igbá lẹ là kọjá yẹn. Ẹ má bínú sí ara yín, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà pé àárín gbùngbùn ayé ni Ìdí-Igbá wà, ẹni náà sì ni Alhaji Mùílì Ládòkun, Alága Ìgbìmọ̀ Fìdíhẹ, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi sórí àga ní ọdún 1980. Orí àga ni wọ́n fi í sí lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ àga di ìtẹ́.

Láràárọ̀, kí Alága tó wọ ọ́fíìsì, Ràmọ́nì akọ̀wé ìròyìn rẹ̀ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ké pé, "Erin ń bọ̀, ẹ yàgò fún erin." Àwọn òṣìṣẹ́ á dìde, ẹni tó ń mu ẹ̀kọ á gbé ife rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Bí Alága bá sín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó sín níbi ìpàdé kan báyìí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Alága sọ ọ̀rọ̀ àtàtà lórí omi ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Ẹ bá mi yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ bó bá wù yín, èyí tó bá kù náà á tó yín rẹ́rìn-ín.

Ìtàn kan náà ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ìpàdé: bí baba ńlá Alága, Ládòkun Àkọ́kọ́, ṣe gun ẹ̀yìn ọ̀nì kọjá odò Ògùn nígbà ogun. Nígbà tí Alága kọ́kọ́ dé orí àga, ọ̀nì náà kàn gbé baba kọjá ni. Nígbà tó fi di ọdún kejì, ọ̀nì ti ń kúnlẹ̀ bẹ baba pé kó jọ̀ọ́ kó gun òun. Ìtàn náà ń dàgbà bí ọmọ tó ń jẹun dáadáa.

Àfi bí Ràmọ́nì ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀.

"Alága, mo gbọ́ nǹkan kan ní Ìbàdàn. Kọmíṣọ́nnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà fẹ́ kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí Òkè-Ògùn. Ìlú tó bá ní ohun tó ṣeé fi hàn ayé ni wọ́n á gbé e fún. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní nǹkan kan, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀."

"Alága rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní yóò lọ sinmi, sà."

Oorun dá lójú Ládòkun. Àdó-Àwáyè ní adágún omi lórí òkè. Ìsẹ́yìn ní aṣọ òfì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ni Ìdí-Igbá ní? Igi igbá kan ni, èyí náà sì ti gbẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyàwó rẹ̀ Àdìjátù lọ. Obìnrin yìí kì í pàtẹ́wọ́ fún un bó bá sín, aṣọ ìnujú ló máa ń fún un.

"Baba Sàrátù, ẹ̀yin ní ẹnu," ni Àdìjátù wí. "Ẹnu yín nìkan ti tó kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lé lórí."

Ládòkun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé oríkì ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ̀ Alága dúró gbọnin lójú ọ̀nà nítorí òwú. Àmúdà ahunṣọ ló ta òwú rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi, òwú náà sì nà dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ òfì mọ̀ pé bó ti ń rí nìyẹn. Ní ìdí òwú lọ́hùn-ún ni pátákó kan wà tí wọ́n máa ń di òkúta lé, kí òwú lè le. Bí aṣọ ti ń gùn sí i ni pátákó náà á máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀. Bí ohun tó wà lórí rẹ̀ kò bá wúwo, òwú á dẹ̀, aṣọ á sì rí játijàti. Aṣọ tí Àmúdà ń hun lọ́jọ́ náà, aṣọ agbádá Alága fúnra rẹ̀ ni.

Alága sọ̀ kalẹ̀ láti bú ẹni tó dí ọ̀nà fún ìjọba. Ojú rẹ̀ bá òkúta tó wà lórí pátákó, ó sì gbàgbé èébú náà.

"Kí lèyí?"

"Òkúta òwú ni, sà," ni Àmúdà dáhùn, ó dọ̀bálẹ̀. "Aṣọ yín ni mò ń hun lọ́wọ́."

"Òkúta tó ní eyín?"

"Ó ti ní eyín kí n tó bá a. Baba mi ló gbé e bọ̀ láti ìhà Sókótó nígbà tí wọ́n ń kó obì lọ tà lọ́hùn-ún. Awẹ́ méjì ni. Àna mi Mọ́nsúrù ń lo ìkejì—"

Alága kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn "eyín". Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Párì ọ̀nì ni! Ọ̀nì baba ńlá mi rèé! Ó kọjá odò, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá sùn sí Ìdí-Igbá, ó ń dúró dè mí!"

Ràmọ́nì bú sẹ́kún. Ẹkún sísun wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Wọ́n gbé òkúta náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí Alága máa ń jókòó sí. Alága lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, nítorí kì í ṣe ẹni tí kò mọ àgbà.

"Alága, aṣọ yín ńkọ́?" ni Àmúdà béèrè.

"Ìtàn ń kọjá níwájú rẹ, ò ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agogo ro káàkiri ìlú. Gbogbo òkúta tó wà nídìí òfì ti di ti ìjọba, torí ó lè jẹ́ ara ọ̀nì tó kù ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kó yanrìn títí ìjọba yóò fi rí ìrù rẹ̀. Àwọn ahunṣọ ru òkúta wọn lọ sí ọgbà káńsù. Àmúdà, tí kì í ṣe èké, gba awẹ́ kejì lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó gbé e dé ẹnu géètì.

"Èyí náà ní eyín o," ló sọ fún mẹ́sẹ́ńjà.

"Òkúta ni wọ́n ní kí n gbà. Wọn ò ní kí n ka eyín."

Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́sẹ́ńjà jù ú sórí òkìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọkàn sí òkìtì yẹn.

Ìdí òfì wá ṣófo ní gbogbo ìlú. Kí iṣẹ́ má baà dúró, àwọn ahunṣọ di iṣu sínú àpò, wọ́n gbé e lé pátákó. Òwú le ní òwúrọ̀. Àmọ́ àwọn ewúrẹ́ Ìdí-Igbá, tí kò sí òfin kankan tó kàn wọ́n, rí i pé ìjọba ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń jẹ àpò, wọ́n ń jẹ iṣu, òwú sì ń dẹ̀ bí ọ̀sán ti ń pọ́n. Irú òwú yìí ni Àmúdà fi parí aṣọ Alága.

Láàárín ìgbà yìí, Ràmọ́nì ti kọ̀wé sí yunifásítì, wọ́n sì rán Dókítà Ọmọ́wùmí wá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, okùn ìwọ̀n àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló kó dání. Ó kúnlẹ̀ kí Alága, ó tún kúnlẹ̀ ti òkúta náà. Ó pẹ́ nídìí òkúta ju bó ti pẹ́ níwájú Alága lọ, Alága sì rí i.

"Ẹ ṣeun, sà. Egungun gidi ni, ó ti di òkúta. Ó ti wà láyé kí ẹ̀dá ènìyàn tó dé rárá."

Ràmọ́nì pàtẹ́wọ́.

"Kì í ṣe ọ̀nì gan-an, sà. Ẹranko kan tó jọ ọ̀nì ni, irú rẹ̀ ti run tipẹ́."

"Kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọ̀nì," ni Alága wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnu la fi ń ya irú wọn sọ́tọ̀, sà. Àwọn kan ní ẹnu gígùn tín-ín-rín, ẹja ni wọ́n ń jẹ. Àwọn mìíràn, ẹnu tiwọn gbòòrò, ẹran ńlá ni wọ́n ń fà wọ omi. A máa ń wo ibi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé níwájú, a sì máa ń wo bí ihò eyín ṣe jìnnà síra. Awẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbí, nítorí náà n kò lè sọ ọ́ ní pàtó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó yìí, ajẹja ni."

Ràmọ́nì rọra kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Irú ẹja wo?" ni Alága béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Ẹja kéékèèké, sà."

"Ṣé o mọ ẹni tó gbé kọjá odò Ògùn?"

"Odò Ògùn kò tíì sí nígbà náà, sà."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ojú Ládòkun ṣe rí, ẹ wo ẹni tí wọ́n sọ fún pé baba rẹ̀ kò tíì bí i. Ó ní kí Dókítà wá tún ọ̀rọ̀ náà rò. Dókítà ní òun á padà wá lọ́jọ́ tí Kọmíṣọ́nnà bá ń bọ̀ wá wo òkúta náà, kí wọ́n ṣáà bá òun wá awẹ́ kejì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, sà. Ohun tí ẹranko ń jẹ ni ìrísí ẹnu ń sọ. Kì í fi gbogbo ìgbà sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ tí kò bá ara wọn tan ló ní ẹnu kan náà, nítorí oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń wá kiri."

Ràmọ́nì tún fẹ́ pàtẹ́wọ́, ojú tí Alága fi wò ó ló dá a lọ́wọ́ dúró.

Ìgbìmọ̀ pàdé lọ́jọ́ kejì. Alága dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ṣé ẹni tó ń ṣa ẹja wẹ́wẹ́ jẹ ni yóò gbé Ládòkun? Ṣé ẹsẹ̀ baba mi kò ní máa wọ́ lómi ni? Ọ̀nì tó bá gbé ẹni ńlá, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbòòrò!" Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sí ìbò, gbogbo ọwọ́ sì lọ sókè pé ẹnu ọ̀nì Ìdí-Igbá gbòòrò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Káńsẹ́lọ̀ Àpọ́nlé, tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìfẹ́ ìlú jù ú lọ, dábàá pé kí wọ́n fòfin de orúkọ ẹja ní gbogbo àgbègbè náà. Ìbò gbé ìyẹn náà wọlé.

Bí Àwáwù, tó ń ta ẹja yíyan lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé, "Ẹ ra nǹkan odò yíyan," nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á máa ń wo ọ̀tún wo òsì kó tó nawọ́ sí i.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ràsáàkì birikìlà kó wá fi sìmẹ́ńtì kọ́ awẹ́ kejì.

"Alága, báwo ni kí ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó?"

Alága na apá rẹ̀ méjèèjì. Ràsáàkì wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka, ó sì fi díẹ̀ lé e nítorí ọ̀wọ̀. Ìwo màlúù ló gbìn sí i bí eyín. Ó fi sìmẹ́ńtì so ó mọ́ awẹ́ ti tẹ́lẹ̀ níwájú, ó sì ya awẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹnu fi là gbàgà bí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò rántí tì. Kò lè dá dúró. Alága ní kí wọ́n kó òkúta àwọn ahunṣọ tó wà ní òkìtì, kí wọ́n fi tì í lábẹ́.

Àdìjátù wá wò ó. Ó yí i ká, ó kẹ́nu bọ̀rọ̀.

"Baba Sàrátù, bí ọ̀nì yìí bá fẹ́ pa ẹnu dé ńkọ́?"

"Ọ̀nì ńlá kì í pa ẹnu dé."

"Mo ti ń rí i," ni Àdìjátù wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀, Àmúdà gbé agbádá wá sílé Alága. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde.

"Alága, mo bẹ̀ yín, aṣọ yìí dẹ̀ o. Ohun tó yẹ kó mú òwú rẹ̀ le, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan kọ́ ọ."

"Aṣọ Ládòkun kì í dẹ̀," ni Alága dáhùn, ó sì gbé e wọ̀.

Ọgbà káńsù kún. Kọmíṣọ́nnà jókòó sórí àga tìmùtìmù, Dókítà Ọmọ́wùmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága fi ọwọ́ agbádá lé èjìká, ó tú u sílẹ̀, ó tún fi lé e. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó ti ń rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri ilé náà, ó tilẹ̀ ti yan ọ̀dà tí wọ́n á fi kọ ọ́.

"Kọmíṣọ́nnà ọlọ́lá jùlọ," ló bẹ̀rẹ̀, "ìlú wà tó ní omi lórí òkè. Kí ni omi? Ọ̀nì ló ni omi! Ìlú wà tó ní aṣọ. Ta ló ń wọ aṣọ? Ládòkun! Ọ̀nì àti Ládòkun, ta ló kù nílé ayé?"

Ràmọ́nì sunkún. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Kọmíṣọ́nnà, tí ebi ti ń pa, rọra sọ fún Dókítà pé kó lọ bá òun wò ó.

Dókítà rìn yí ọ̀nì ká. Ó fi ìka kan awẹ́ tuntun. Ìka rẹ̀ wọlé díẹ̀.

"Awẹ́ yìí kò tíì gbẹ, sà."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ ni," ni Alága wí kíákíá.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí lẹ fi tì í lábẹ́ yìí?"

"Òkúta lásán ni. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti rí eyín kan nínú òkúta lásán. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, eyín kejì jáde, ìkẹta jáde. Ó rọra fà á yọ. Òkìtì òkúta mì, ó sì ya. Sìmẹ́ńtì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Alága fò síwájú láti gbá ọ̀nì baba ńlá rẹ̀ mú, ìwo màlúù kan sì kọ́ ọ lápá agbádá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, aṣọ tí ewúrẹ́ bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò yẹ kí ìwo kàn án. Ọ̀nì ń ṣubú lọ sí iwájú, Alága ń fà sẹ́yìn, òwú sì ń já láàárín wọn. Apá lọ. Àyà tẹ̀ lé e. Nígbà tí sìmẹ́ńtì fi dé ilẹ̀ tó fọ́ yángá, ọrùn agbádá nìkan ló kù sí Alága lọ́rùn, ó dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwo màlúù lọ́wọ́. Lára síńgílẹ́ẹ̀tì náà, mi ò ní sọ ibi tí ihò wà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àánú ṣe àwọn kan, ẹ̀rù ba àwọn yòókù. Dókítà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti mú awẹ́ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú pàǹtí, ó sì fi awẹ́ tó fà yọ kàn án. Wọ́n bára mu bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀. Ẹnu náà gùn, ó tín-ín-rín, ó rẹwà.

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí," ni Dókítà wí, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀. "Ajẹja ni."

Láti ẹ̀yìn èrò, ohùn Àwáwù jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dán eyín tó ń dùn ún wò. "Ẹja," ló wí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní, "Ẹja." Kí ẹ tó pajú pẹ́, gbogbo ọgbà ti ń pariwo ẹja, àwọn arúgbó ń pè é, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi ṣe orin, ẹ̀rín sì gba ibẹ̀ kan. Káńsẹ́lọ̀ Àpọ́nlé, tó dá òfin yẹn sílẹ̀, wà lára àwọn tó ń lé orin.

Kọmíṣọ́nnà gbé ọwọ́ sókè. "Níbo gan-an ni wọ́n ti hú òkúta yìí?"

Àmúdà jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Sókótó ni baba mi ti gbé e bọ̀, sà. Mo sọ fún Alága lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á."

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Òkúta mi ni mo wá gbà, sà. Mo fẹ́ padà sídìí iṣẹ́."

Kọmíṣọ́nnà wo Ládòkun fún ìgbà pípẹ́, ó wọ ọkọ̀, kò sì jẹun mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, rédíò ti kéde pé wọ́n ti pa ìjọba ìbílẹ̀ Ìdí-Igbá pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀, àti pé Alága rẹ̀ ń lọ sinmi. Ràmọ́nì dúró lẹ́nu ọ̀nà de Alága tuntun. Kò jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ dí òun lọ́wọ́. Ó ń ké pé, "Àjànàkú ń bọ̀."

Nílé Ládòkun, kò sí ẹni tó wá kí i. Ó sín, ilé dákẹ́. Àdìjátù fún un ní aṣọ ìnujú, ó sì jókòó tì í.

"Ẹ kó òwú agbádá tó já yẹn lọ bá Àmúdà," ló wí. "Aṣọ gidi ni, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣòfò. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́, Baba Sàrátù. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ ni Ládòkun fi rìn lọ, kò sí ọkọ̀ mọ́. Ó bá Àmúdà lábẹ́ igi, tí ó ta òwú sílẹ̀ tí ó sì káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ṣòro fún Ládòkun, kò tíì kọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ náà wá bí ó ti lè wá.

"Àmúdà, má bínú sí mi."

"Ó ti tán, sà. Gbogbo wa la gba òkúta wa padà, àfi èmi àti àna mi. Tiwa ti bá Dókítà lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn á kọ orúkọ baba mi sí i lára." Ó wo ìdì òwú tó wà lọ́wọ́ Ládòkun. "Mo lè tún un hun fún yín, kó le dáadáa. Ohun tó wúwo tí n ó gbé lé pátákó ni mi ò tíì rí. Àfi bí Alága bá lè bá mi jókòó lé e títí n ó fi rí òmíràn."

Ládòkun wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ká sòkòtò rẹ̀, ó jókòó sórí pátákó. Òwú ta láti ìdí rẹ̀ dé ọwọ́ Àmúdà, ó le gan-an. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Pátákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, òun àti ẹni tó wà lórí rẹ̀. Àwáwù ń kọjá pẹ̀lú igbá ẹja lórí, ó dúró wò ó.

Ládòkun tẹjú mọ́ ọn, ó fa èémí sínú. "Nígbà tí baba ńlá mi gun ọ̀nì—"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àmúdà wí láìgbójú sókè. "Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa ń mì, òwú á sì dẹ̀."

Ládòkun pa ẹnu dé.